Ẹ Má Jẹ́ Kí Fíbì Wá

Oko Máásà Hẹ́nrì, Àlàbámà
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kejì, ọdún 1854

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ti sinmi wàhálà? Fíbì ìyàwó mi ńkọ́, Sánkò ọmọ mi ńkọ́? Mísìs Lúsì ló ń bá mi kọ èyí. Ó jókòó ti tábìlì, èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà mi wà lọ́wọ́ mi. Ìyá tirẹ̀ ló ń kọ̀wé sí. Ó ní àyè díẹ̀ ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ bébà, pé kí n yára sọ ohun tí mo bá fẹ́ bá ìyá tèmi sọ.

A dé láìkú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín ogún Máásà Àgbà, tí mo bọ́ sínú ìpín Mísìs Lúsì, tí ọkọ rẹ̀ sì ní Àlàbámà ni òun ń kó wa lọ, mo ti ń tan ara mi pé bóyá ibẹ̀ kò jìnnà tó bí wọ́n ṣe ń wí. Ìyá mi, ó jìnnà. Àwọn gun kẹ̀kẹ́ ẹṣin, àwa fẹsẹ̀ rìn. Òjò pa wá, bàtà mi já lójú ọ̀nà, mo fi àkísà di ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n Máásà kò na ẹnikẹ́ni títí a fi dé, ó sì fún wa ní ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ jẹ. Mísìs ní kí n má gbàgbé láti sọ ìyẹn.

Ilẹ̀ ibí dúdú, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀. Kò sí ìrẹsì, kò sí omi tó ń kún tó ń fà. Igbó là ń gé báyìí kí wọ́n lè rí ibi gbin òwú.

Ohun tó gbé mi wá sẹ́nu ọ̀nà yìí gan-an nìyí. Ẹ bá mi bẹ Mísìs Àgbà kó yọ̀ǹda Fíbì àti Sánkò kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mísìs Lúsì ní tí ìyá òun bá gbà, ọkọ òun á gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Mi ò rí oorun sùn. Bí mo bá na ọwọ́ lórí ẹní, ògiri ló ń bà. Mo mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yìí kọ́ là ń sọ létí òyìnbó, ṣùgbọ́n ojú kò tì mí mọ́.

Ẹ bá mi kí Kwáṣì káfíńtà.

Èmi ni ọmọ yín,
Míńgò


Oko Ìrẹsì, etí odò Ògíṣì, Jọ́jíà
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin, ọdún 1854

Míńgò ọmọ mi,

O ṣeun tí o rántí pé o ní ìyá. O béèrè orúnkún, o kò béèrè bóyá ẹni tó ni orúnkún ń jẹun. Mísìs Àgbà ló ń bá mi kọ̀wé, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tẹ́nà, rọra fún ọmọ náà." Mi ò ní rọra. Ṣebí èmi ni mo bí i.

Wọ́n ka lẹ́tà rẹ fún wa. Fíbì sunkún títí ó fi gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ní tó bá di dandan òun á fẹsẹ̀ rìn wá. Ìfẹ́ tí ọmọ yẹn ní sí ọ ti pọ̀ jù, mo sì ti sọ fún un. Ṣùgbọ́n ìwọ, rò ó wò. Wọ́n mú ọmọ lọ lọ́wọ́ mi, ọmọ náà tún wá ní kí n fọwọ́ ara mi kó ọmọ-ọmọ mi fún wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni Sánkò ń sùn láti ìgbà tí o ti lọ. Ó máa ń fi ẹsẹ̀ ta mí níkùn, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé bí kò bá ta mí, mi ò ní sùn. Nítorí náà, mi ò tíì bẹ Mísìs. Ó ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ó sì ń kọ ọ́ lọ. Jẹ́ kí n rò ó.

Kó tó dìgbà yẹn, ṣe bí mo ṣe tọ́ ọ. Máa yára ṣe ilẹ̀ òòjọ́ rẹ. Kí ìrì tó gbẹ, kí o ti wọnú rẹ̀. Ẹni tó bá tètè parí ilẹ̀ tí wọ́n fi èèkàn wọ̀n fún un, ìyókù ọjọ́ di tirẹ̀, kò sí ọ̀gá tó máa bi í pé níbo lò ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ ṣe sin ẹlẹ́dẹ̀ títí ó fi kú. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe ní adìyẹ, tí mo ní oko ọ̀dùnkún, tí mo ní ìkòkò irin tí gbogbo ìlà ilé wa ń wá yá. Gbin ọ̀dùnkún. Wá ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan sìn. Bí Fíbì bá tilẹ̀ máa wá, kó má wá bá ilé òfìfo. Má sì jẹ́ kí àwọn ará òwú sọ pé ọ̀lẹ ni àwa ará ìrẹsì.

Kwáṣì kí ọ. Ó ní bàtà tó já, ìwọ lo wọ̀ ọ́ bàjẹ́, kì í ṣe ojú ọ̀nà.

Ìyá rẹ,
Tẹ́nà


Oko Máásà Hẹ́nrì, Àlàbámà
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1854

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbà pípẹ́. Ẹ má bínú pé ẹ kò gbọ́ mi. Mísìs Lúsì ṣàìsàn nígbà ooru, kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ti ń yá báyìí, ó sì lóyún. Ó ní ẹ bá òun yọ̀.

Mo ṣe bí ẹ ṣe wí. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ oko òwú láti já a, mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Mo já ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tí wọ́n wọn apẹ̀rẹ̀ mi tán, Máásà fọwọ́ gbá mi léjìká, ó ní irú èyí ni òun ń pè ní ọkùnrin. Mísìs ní kí n sọ ọ́ kí inú yín lè dùn.

Ẹ béèrè ọ̀dùnkún. Mi ò tíì gbìn ín. Ẹlẹ́dẹ̀ náà, mi ò tíì ní. Iṣẹ́ ibí yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ọ̀hún.

Ìyá mi, nípa Fíbì, kó má tíì kánjú. Ọ̀nà kò dára, ibà sì pọ̀ níbí, Sánkò ṣì kéré. Mísìs gbé gègé sílẹ̀, ó wò mí, ó ní ṣebí èmi náà ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí lọ́jọ́sí tí mò ń fi ẹ̀wù nu ojú. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo ṣáà ní kó má kánjú.

Ọmọ yín,
Míńgò


Oko Ìrẹsì, Jọ́jíà
Ọjọ́ kejìlá oṣù Kọkànlá, ọdún 1854

Míńgò,

Nígbà tí wọ́n kà á pé o já òwú ju gbogbo wọn lọ, mo na ọrùn bí àkùkọ, mo sì wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá kà á pé kí Fíbì má kánjú. Mo ká ọrùn mi padà.

Ta ni obìnrin náà? Má sọ pé kò sí. Kwáṣì ní ọkùnrin tó ní kí ìyàwó òun má kánjú, ó ti rí ẹni tó ń bá a fọ ẹ̀wù. Fíbì ní irọ́ ni, ó ní òun mọ ọkọ òun. Èmi náà mọ ọmọ mi. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí o bá jí oyin Mísìs lá, bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ibà àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà.

Ó dáa, ohun yòówù kó jẹ́, ó ti tán. Mo ti bẹ Mísìs Àgbà. Orúnkún tí ò ń béèrè yẹn ni mo fi kúnlẹ̀. Mo rò ó títí, mo wá rí i pé èmi ti dàgbà, ibojì ni ọ̀nà tó kù fún mi. Ó sàn kí ẹ̀yin mẹ́ta wà pọ̀ kí èmi nìkan dá wà, ju kí a túká sí ọ̀nà mẹ́ta. Mísìs gbà. Ó ní Ọlọ́run kò fẹ́ kí ènìyàn tú ohun tí Òun so pọ̀, nítorí náà òun fi Fíbì àti Sánkò ta ọmọ òun lọ́rẹ nítorí oyún rẹ̀. Máásà Tọ́másì, ọmọ àbúrò rẹ̀, ń kó ìbaaka lọ sí Àlàbámà lẹ́yìn ọdún tuntun. Òun ló máa mú wọn dání.

Fíbì ti ń di ẹrù. Ó ti ta adìyẹ rẹ̀, ó ti rán ẹ̀wù méjì fún ọ láìmọ̀ bóyá o sanra tàbí o rù. Ó tún hun atẹ ìfẹ́rẹsì kan. Mo ní, "Níbi tí kò sí ìrẹsì, kí lo fẹ́ fi fẹ́?" Ó ní, "Màmá, òun ni mo mọ̀ ọ́n hun." Sánkò ńkọ́? Ó máa ń rìn yí ilé ká láràárọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́. Bí a bá bi í pé níbo lò ń lọ, á ní Àlàbámà.

Tọ́jú wọn. Lé obìnrin yẹn lọ, ẹni yòówù tí ì báà jẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá lọ, ilé mi á dákẹ́, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó kúnlẹ̀.

Ìyá rẹ,
Tẹ́nà


Àlàbámà
Ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, ọdún 1854

Ìyá mi,

Mísìs kọ́ ló kọ èyí. Dílsì, alásè ilé ńlá, ló ń bá mi kọ ọ́. Ibi tó ti máa ń gbé ọmọ òyìnbó lẹ́sẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wọn níwèé lòun náà ti kọ́ ọ. Bí wọ́n bá mọ̀, a gbé. Kwáṣì káfíńtà nìkan ni kí ẹ fún kà. Mo mọ̀ pé ó mọ̀wé, mo ti ká a mọ́ ibi tó ti ń ka bébà tí wọ́n fi di ìṣó.

Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí Fíbì wá.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ látẹ̀yìnwá, ojú Mísìs ni mo ti sọ ọ́. Níbí kò sí ilẹ̀ òòjọ́. Kò sí èèkàn. Wọ́n ń fun ìwo kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo wa á tò sínú oko pọ̀, olórí iṣẹ́ á máa rìn lẹ́yìn wa pẹ̀lú pàṣán. Bí o yára, o kò lọ sílé. Bí o falẹ̀, wọ́n á nà ọ́. Ìgbà tí ojú kò bá rí òwú mọ́ là ń kúrò. Yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi, kò sí wákàtí kan tó jẹ́ tèmi. Nígbà wo ni kí n gbin ọ̀dùnkún?

Lọ́jọ́ tí mo ń sáré já òwú bí ẹ ṣe kọ́ mi, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pọ́ńpì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi, ó ń sọ lábẹ́ ẹnu pé, "Ọmọ Jọ́jíà, ṣé orí ẹ pé? Rọra o." Mo rò pé ọ̀lẹ ni, mo sì tún rò pé ó ń jowú. Mo ń retí kí wọ́n wá sọ pé mo ti parí, kí n máa lọ. Àṣé iye tí ènìyàn bá já lọ́jọ́ kan ni gbèsè rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ náà, iye yẹn ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́. Ohun tí kò bá pé nínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ẹgba sọ ọ́ di pípé lẹ́yìn mi. Òwú ti ń tán lóko báyìí, ṣùgbọ́n gbèsè mi kò dín. Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ìyá mi, mi ò dá yín lẹ́bi. Ohun tí ẹ mọ̀ lẹ kọ́ mi, ó sì dára níbi tí ẹ ti kọ́ ọ.

Ẹ lè rò pé inú ilé ni wọ́n máa fi Fíbì sí nítorí ọmọ Mísìs. Máásà ti ń fi ọwọ́ Fíbì yangàn níta, ó ní àwọn obìnrin ìrẹsì ní ọwọ́ tó ń yára. Ẹ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí báyìí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi í sínú ilé, Dílsì tó ń kọ̀wé yìí ní kí n sọ tòun fún yín. Ó ń jẹ búrẹ́dì funfun, wọn kì í nà án púpọ̀. Orí ilẹ̀ ló ń sùn, níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Mísìs, kí Mísìs lè fi ẹsẹ̀ jí i. Kò ní ọjọ́ ìsinmi bíi tiwa. Ọmọ rẹ̀ wà níbí lọ́dọ̀ wa, ó sì ń pe obìnrin mìíràn ní ìyá. Ó ní òun kò mọ èyí tó sàn nínú tòun àti tèmi. Ísọ́mù tó máa mú lẹ́tà yìí dání, ẹrú lòun náà. Inú ọkọ̀ ojú omi elèéfín ló ń ṣiṣẹ́, ó ń san owó fún ẹni tó ni ín, ó sì ń ra bàtà tó bá wù ú. Mo wo bàtà yẹn títí ojú fi tì mí. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe gbogbo wa.

Àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ Sánkò ń pọn omi lọ sóko níbí. Bí wọ́n bá ga díẹ̀ sí i, wọ́n á so àpò mọ́ wọn lọ́rùn.

Mo bẹ Mísìs pé kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ó ní ọ̀rọ̀ mi kò lójú. Ọgbọ́n kan ló kù. Mísìs Àgbà ń fi wọ́n sílẹ̀ nítorí kí ìdílé má bàa tú. Bó bá gbọ́ pé ìdílé náà ti tú, kò ní fi wọ́n sílẹ̀ mọ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ ìsinmi tó ń bọ̀, mo máa lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ní mo ti fẹ́ ẹlòmíràn, mi ò fẹ́ Fíbì mọ́. Bí wọ́n bá kà á fún yín, ẹ bú mi. Ẹ bú mi bó ṣe yẹ kí ìyá bú irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti pe Fíbì sí kọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ẹ sọ fún un pé irọ́ ni. Kò sí obìnrin kankan. Òun nìkan ni mo ní.

Míńgò


Oko Máásà Hẹ́nrì, Àlàbámà
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, ọdún 1854

Ìyá mi,

Mo kí yín. Òótọ́ lẹ sọ. Obìnrin kan wà. Mísìs Lúsì ní kí n dárúkọ rẹ̀, kí n má fi nǹkan pamọ́. Kéṣà ni orúkọ rẹ̀. Oko kan náà la jọ ń ṣe. Mi ò fẹ́ Fíbì mọ́. Kó má wá. Bó bá wá, wàhálà ló máa bá.

Mísìs bínú sí mi púpọ̀. Ó ní ojú ń ti òun láti kọ èyí sí ìyá òun. Ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí n máa bá obìnrin gbé bẹ́ẹ̀, Máásà á ní kí oníwàásù so wá pọ̀ kí ọdún tó parí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ẹ sọ fún Fíbì pé mo ní kó wá ọkùnrin rere fẹ́.

Míńgò


Oko Ìrẹsì, Jọ́jíà
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá, ọdún 1854

Míńgò,

Mi ò kí ọ.

Ọjọ́ Kérésì ni wọ́n ka lẹ́tà rẹ, ní àgbàlá Mísìs Àgbà, nígbà tí gbogbo wa lọ gba aṣọ ọdún. Gbogbo oko ló wà níbẹ̀. Mísìs kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì mọ̀, ó ti pẹ́. Fíbì gbé aṣọ tí wọ́n fún un dání. Kò sunkún. Ó ká aṣọ náà, ó tún un ká, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Mísìs, ó sì rìn lọ sílé. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀hún pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi yìí, ó ti ń tú ẹrù. Àwọn ẹ̀wù tó rán fún ọ, ó ti gbé wọn fún ẹni tí wọ́n bá bá lára mu. Sánkò ń bi í pé ṣé ọ̀la ni. Èmi ni mo dá a lóhùn, mo ní kì í ṣe ọ̀la.

Mo kúnlẹ̀ nítorí rẹ. Bàbá rẹ, oko mìíràn ló wà, Máásà mìíràn ló ni ín, gbogbo Sátidé ló sì ń rìn wá bá mi títí ọjọ́ ikú rẹ̀, òjò ì báà rọ̀. Wọ́n lù ú nítorí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò sọ fún mi rí pé òun ti rí ẹlòmíràn níbi tó sún mọ́ òun. Ibo lo ti rí ìwà yìí?

Mísìs Àgbà ti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Máásà Tọ́másì máa lọ láìmú ẹnikẹ́ni dání. Inú mi ì bá dùn pé ọmọ-ọmọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n o kò jẹ́ kí inú mi dùn sí nǹkan kan. Má kọ̀wé sí mi mọ́.

Tẹ́nà


Jọ́jíà
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹfà, ọdún 1855

Míńgò, ọmọ mi, ọmọ tí mo bí,

Kwáṣì ló ń kọ èyí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A ti ilẹ̀kùn, mo sì ń fi òòlù lu pákó lóòrèkóòrè kí wọ́n lè rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe.

Lẹ́tà tí Dílsì bá ọ kọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí ni. Wọ́n ní ibà dá Ísọ́mù dúró ní èbúté Mòbíìlì. Nígbà tó dìde, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ mìíràn tí kò gba ọ̀nà ibí. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni lẹ́tà náà gbà, ọkùnrin tó ń ta ẹja létí odò ló fi lé mi lọ́wọ́, inú fìlà rẹ̀ ló rán an mọ́. Kwáṣì kà á dé ààrin, ó gbé e sílẹ̀. Mo ní kó máa kà. Ó ní, "Màmá Tẹ́nà, ẹ jókòó." Mo ní mo ti jókòó.

Ọmọ mi, ìmọ̀ràn mi ni wọ́n fi nà ọ́. Mò ń na ọrùn níbí bí àkùkọ, ẹ̀yìn rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo tún bú ọ. Mo fi bàbá rẹ bú ọ. Jọ̀ọ́, gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà, mo kó o jẹ.

Àmọ́ o ní kí n sọ fún Fíbì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tí mi ò mọ bí n ṣe máa sọ ọ́ nìyí. Fíbì ti wà nílé ọkọ. Títù ni, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn omi lójú oko. O mọ̀ ọ́n, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Kérésì, Fíbì kò jẹun, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Títù kàn ń gbé ẹja sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á sì lọ. Nígbà tó di Àjíǹde, Fíbì ní òun gbà láti fẹ́ ẹ. Títù dára sí Sánkò. Ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí omi wọlé sóko, Sánkò sì ti gbàgbé ọ̀pá tó fi ń rìn lọ sí Àlàbámà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ẹ̀rín kan nídìí odó, mo ní ta nìyẹn. Fíbì ni. Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe ń dún.

Orúkọ rẹ ti bàjẹ́ níbí, Míńgò. Bí àwọn obìnrin bá fẹ́ bú ọkọ tí kò dáa, orúkọ rẹ ni wọ́n fi ń bú u. Mo máa ń jókòó láàárín wọn, n kò sì lè la ẹnu. Èmi àti Kwáṣì nìkan la mọ ẹni tí o jẹ́.

Bí mo bá sọ fún Fíbì, mo mọ ohun tó máa ṣe. Ọmọ yẹn á di ẹrù. Á tún lọ kúnlẹ̀ fún Mísìs Àgbà, Mísìs á sì gbà, nítorí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run máa ń wọ̀ ọ́ lára. Bí mi ò bá sọ, ọ̀dàlẹ̀ ni ọ́ lọ́kàn rẹ̀ títí ó fi máa kú. Ìwọ ni mo bí, ṣùgbọ́n Fíbì náà ti di ọmọ mi. Mi ò lè dá ìpinnu yìí ṣe. Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀. Ránṣẹ́ sí mi, ohun tí o bá wí ni màá ṣe.

Ìyá rẹ, tó ń tọrọ àforíjì,
Tẹ́nà


Àlàbámà
Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1855

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àfaradà. Ẹ má tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi mọ́, kò yẹ yín. Dílsì kí yín. Ísọ́mù fúnra rẹ̀ ló mú lẹ́tà yín dé. Ó rù, ó sì ní kí ẹ dárí ji òun. Mo ní ẹ̀bi rẹ̀ kọ́, ibà kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú. Lọ́dún yìí, bí Pọ́ńpì ṣe ń rọra ni èmi náà ń rọra, gbèsè mi sì ti fúyẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yìn mi ti jinná, ó ṣeé fi sùn.

Wọ́n ti so èmi àti Kéṣà pọ̀. Ẹ má bínú sí i. Òun ló gbà pé kí n lo orúkọ òun, nígbà tí mi ò mọ orúkọ tí mo lè dá. Wọ́n ti ta ọkọ rẹ̀ sí Tẹ́kísáàsì kí n tó dé ibí. Yàrá kan náà là ń gbé, ó ń ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, èmi náà ń ṣọ̀fọ̀ Fíbì, a kì í sì í bi ara wa léèrè. Ènìyàn dáadáa ni.

Títù, mo rántí rẹ̀. Inú mi dùn pé òun ni, inú mi sì bàjẹ́ pé òun ni. Mo rò ó nígbà tí mo bá wà lójú iṣẹ́, mo ní kí ẹ sọ fún Fíbì, kó lè mọ̀ pé mi ò fi òun sílẹ̀. Bí mo bá dé ilé, tí mo rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń bọ̀ láti oko pẹ̀lú korobá lórí, mo ní kí ẹ má sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń lọ tí mo ń bọ̀, títí Dílsì fi ní òun kò lè máa wá àyè lójoojúmọ́, kí n sọ ọ̀kan.

Ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó máa bínú sí mi. Obìnrin tó bá ń bínú sí ọkùnrin kò ní fẹsẹ̀ rìn wá bá a ní Àlàbámà.

Ọmọ yín,
Míńgò